Ẹ̀rọ Koríko Tí A Bọ́ Jù

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí l'Ádó níbí. Ẹ ṣáà má tètè rẹ́rìn-ín.

Ẹ mọ ẹ̀rọ tí ń gé koríko tí òyìnbó míṣọ́n fi sílẹ̀ fún ìjọ wa nígbà tó ń lọ sílùú rẹ̀. Èmi tíṣà ni wọ́n ní kí n máa bójú tó o. Nígbà tí a gbọ́ pé bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, mo fọ́nnu níwájú ìjọ pé kí ẹnikẹ́ni má mú àdá wá ní Sátidé, ẹ̀rọ á gé gbogbo rẹ̀. Inú àwọn ọkùnrin dùn, wọ́n gba oko wọn lọ lọ́nà Ìjan.

Sátidé dé, mo fa okùn, ẹ́ńjìnnì dún, èéfín sì bo gbogbo ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Èéfín wo lẹ ń wí? Adìyẹ ń wúkọ́! Koríko rèé tó ga dé orúnkún, aládàá kankan ò sí nílé. Ojú wo ni mo fẹ́ fi wo bíṣọ́ọ̀bù?

Mo rò pé omi ló wọnú pẹtiróòlù. Mo dà á nù, mo rọ òmíràn, èéfín ò dín. Mo wá wò ó dáadáa: kò dúdú, funfun tó ní àwọ̀ aró díẹ̀ ni. Mo tú púlọ́ọ̀gì, epo ti rin ín. Mo ṣí ibi tí a ń rọ epo ẹ́ńjìnnì sí, ó kún dé ẹnu. Ṣebí díẹ̀ ni mo bù sí i?

Mo bi Bàbá Ìjọ. Wọ́n ní àwọn kàn ń bu ife epo kan sí i láti inú agolo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nígbà tí àwọn bá ń kọjá ni. "Tíṣà, àlejò wọ ulé wa, ká wá máa wò ó lásán?"

Ìyá Ìjọ, tí wọ́n ń gbálẹ̀ lọ́wọ́, ní àwọn náà ń bu tiwọn láràárọ̀, kó má baà jí kó má rí nǹkan fẹnu kàn. Àwọn méjèèjì ò sọ fún ara wọn. Ẹ ṣáà mọ̀ wá l'Ékìtì: bí àlejò bá jẹyán nílé kan, ilé kejì á tún gún tirẹ̀. Ta ló ń bèèrè bóyá ó ti yó?

Epo tó pọ̀ jù yẹn ló gòkè lọ síbi tí pẹtiróòlù ti ń jó, tó di èéfín. Mo fi sípánà tú nọ́ọ̀tì ìdí ẹ́ńjìnnì, mo jẹ́ kí epo ṣàn sínú agolo mìíràn títí tó fi mọ sójú àmì. Mo nu púlọ́ọ̀gì, mo dá a padà, mo gbàdúrà, mo fa okùn. Ó rú èéfín díẹ̀, ó kùn, èéfín sì dá. Ayọ̀ fẹ́ẹ̀ gbé mi fò; kílẹ̀ tó ṣú, mo ti gé koríko náà tán.

Bíṣọ́ọ̀bù yin ọgbà wa lọ́jọ́ kejì. Àwọn ará oko ọ̀nà Ìjan ló sì ń dáhùn pé "ẹ ṣeun", bí ẹni pé àwọn ló gé e.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ó yẹ ká máa bi ara wa ká tó ṣoore. Mo ti gbé agolo epo tí wọ́n ń bù nínú rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ṣùgbọ́n lánàá ni Ìyá Ìjọ yọ sẹ́nu ọ̀nà mi, ife lọ́wọ́, ohùn wọn rọ̀ pẹ̀lẹ́. "Tíṣà, ẹ̀rọ yẹn ṣuṣẹ́ gan-an ní Sátidé. Ṣé kò ní jẹ nǹkan ni?"

Ẹ gbà mí o. Ta ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí nínú yín? Kí ni kí n fi dá ìyá náà lóhùn?