Alumíníọ́mù Kì Í Pọ́n

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbọ́ tí ìyá kan nínú ilé tí à ń gbé ní Mafoluku ń kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀ nídìí iná pé, "Èyí tó bá ti pọ́n ni kó o sá fún." Mi ò dá sí i, nítorí kò bi mí léèrè. Ṣùgbọ́n mo wọlé, ara mi ò balẹ̀, torí ìkìlọ̀ yẹn gan-an ni mo fi tọ́ ọmọ tèmi.

Mo rántí ìgbà tí ọmọbìnrin mi kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún. Lẹ́yìn ilé wa nígbà náà, ọkùnrin kan wà tó máa ń yọ́ àlòkù alumíníọ́mù: ìkòkò tó ti lu, apá fáànù, férémù wíńdò. Á dà á sínú iyanrìn tó ti tẹ̀ ní ìrísí ìkòkò. Tó bá dì, á hú u jáde. Kó tó fọwọ́ kan èyíkéyìí, á ti ọwọ́ bọ omi, á wọ́n ọn sí i, á wá tẹ́tí. Èmi tí mò ń wò ó láti ojú wíńdò ti pinnu pé ètùtù ni. Mo gba ààwẹ̀ lé e lórí.

Síbẹ̀, ìkòkò rẹ̀ dára. Nígbà tí mo lọ gba tèmi, mo fa ọmọ lọ́wọ́, torí mi ò kì í fi í sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin náà hú ìkòkò jáde, ó nawọ́ sí korobá omi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ́n nǹkan sí tèmi."

Ó wò mí. "Omi ẹ̀rọ ni o, ìyàwó."

"Mo mọ̀, sà. Ẹ ṣáà má wọ́n ọn."

"Kò burú. Oníbàárà lọ̀gá." Ó yíjú sí iná rẹ̀.

Ìkòkò náà wà lórí iyanrìn, ó ń dán bíi fàdákà, kò pọ́n níbì kankan. Ọmọ mi, tó máa ń gbọ́ràn ju bó ṣe yẹ lọ, yí i ká, ó yẹ̀ ẹ́ wò. "Màmi, kò pọ́n. Ṣé kí n gbé e?" Ó ti na ọwọ́ méjèèjì.

Mi ò kì í jẹ́ kó di nǹkan mú tí èmi ò bá tíì kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Mo fi ọwọ́ òsì tì í sẹ́yìn, mo fi ìka ọwọ́ ọ̀tún mẹ́ta tẹ etí ìkòkò. Nígbà tí mo fa ọwọ́ kúrò, díẹ̀ nínú awọ ìka mi dúró síbẹ̀.

Ọkùnrin náà gbá ọwọ́ mi mú, ó tì í bọ inú korobá. "Omi tí ẹ sá fún náà nìyí," ó ní. Ó fi àpá ọwọ́ tirẹ̀ hàn mí. "Tó bá ṣì gbóná, omi á pariwo. Ojú ò lè rí i."

Àwọn àgbà ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Alákàn kò ra ìkòkò rí. Irin a máa pọ́n kó tó yọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò ti lè jóni kó tó pọ́n. Alumíníọ́mù yóò ti di omi kí ẹ tó rí pupa kankan lára rẹ̀. Ooru sì máa ń tètè dé etí rẹ̀, ibi tí ọmọdé ń dì mú.

Ọmọ mi ti ń lọ síbi iṣẹ́ báyìí, ọwọ́ rẹ̀ jọ̀lọ̀. Ìka mi mẹ́ta kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ooru yàtọ̀ sí òtútù mọ́. Mo ti rò ó dáadáa, ìka mẹ́ta dípò ọwọ́ ọmọ, kò wọ́n.

Mo ti lọ bá ìyá tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀. Ilẹ̀kùn ẹ̀yin tó kù ni mi ò lè kàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àwọ̀ kọ́ ọmọ yín nípa ìkòkò gbígbóná. Ẹ ní kí wọ́n fi omi bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì dúró gbọ́ èsì.