Ẹrù Tó Wà Lórí Àjà Ìyá Kúmásí

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tójú mi rí nílé wa ní Bouaké, lórílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire níbí. Iṣẹ́ ìròyìn ni mo ń ṣe. Ilé ẹlòmíràn tó wó ni mo máa ń sáré lọ wò, màá sì na ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ sẹ́nu àwọn tó ṣojú wọn. Lọ́tẹ̀ yìí, ilé tiwa ni!

Ìyá Kúmásí ni gbogbo àdúgbò ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin. Kúmásí ni wọ́n ti wá, nígbà tí ìjọba Gánà ní kí àwọn àlejò máa lọ. Ọmọge ni wọ́n nígbà náà. Abọ́ tánńganran tí ìyá wọn ń tà kún ṣọ́ọ̀bù, wọn ò rí ẹyọ kan gbé. Aṣọ ọrùn wọn nìkan ni wọ́n wọ̀ dé ibí.

Wọ́n wá búra pé òjijì ò tún ní bá àwọn mọ́. Bí wọ́n bá ra abọ́ tó dára, wọn á fi ìwé ìròyìn àtijọ́ wé e, wọn á tò ó sínú pọ́ọ́tímáńtò onírin, ó di orí àjà. Aṣọ òkè ńkọ́? Àjà! Ìkòkò ńkọ́? Àjà! Ẹrù àdìsílẹ̀ ni, de ọjọ́ tí wọ́n bá tún ní ká máa lọ. Òkè bẹ́ẹ̀dì wọn gẹ́lẹ́ ló sì wà, kí olè má baà débẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ̀ wá, àwa Ànàgó, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níbí. Ilé tí à ń gbé kọ́ là ń tún ṣe, ilé Ògbómọ̀ṣọ́ ni! Páànù tuntun wà lórí ilé Ìyá Kúmásí lọ́hùn-ún, wọ́n kùn ún, ó ń dán. Ta ló ń sùn níbẹ̀? Aláǹgbá. Ilé Bouaké tí wọ́n bí gbogbo ọmọ wọn sí, tí ọkọ wọn fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́, ìyẹn ni wọn ò kà sí.

"Àjò ni," ni wọ́n máa ń wí. "Ta ló ń kun ilé àjò?"

Ràbíátù, ọmọ wọn tó ń bá wọn gbé, ló kọ́kọ́ fura. Ó ní tóun bá ti fẹ́ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀, òun máa ń bá ìyẹ̀fun kan lórí rẹ̀ bíi gàrí kíkúnná. Ìyá ní eruku ọyẹ́ ni. Ọyẹ́ lọ, òjò dé, ìyẹ̀fun ò dáwọ́ dúró. Eruku ọyẹ́ wo ló ń bọ́ nígbà òjò?

Ó pè mí. Ọ̀sán ni mo débẹ̀, èmi àti Kouassi, káfíńtà kan tó ń ṣiṣẹ́ ládùúgbò Gonfreville. Ojú ọ̀run ti ń ṣú.

Kouassi gun àkàbà, ó ṣí pákó kan nígun, ó yọjú. Ńṣe ló rọra sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó rí ejò. Ó fi Faransé bi wá pé ta ló ń sùn níbí. A ní ìyá ni. Ó ní kí wọ́n má sùn níbẹ̀ mọ́, kí wọ́n má tilẹ̀ jókòó sí i! Ojú ìṣó páànù ti jò, omi ti rin igi, ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán, èèpo ló kù.

"Àpótí yẹn ò sinmi lórí igi mọ́ o," ó ní. "Àánú Ọlọ́run ló sinmi lé."

Ó ní ká má fọwọ́ kan nǹkan kan, òun ń lọ gbé òpó tóun máa fi tì í. Bó ṣe gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ, òjò bẹ̀rẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tí Ìyá Kúmásí wá ṣe. Wọ́n wọlé, wọ́n sì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì!

"Wọ́n lé mi ní Kúmásí, mo gbà. Ta ló tún fẹ́ lé mi níbí?"

Mo ní, "Ìyá, ẹnikẹ́ni ò lé yín. Igi ló ti jẹrà."

"Igi ọkọ mi ni. Kì í ṣe tìẹ."

Amoin, obìnrin ẹ̀yà Baoulé tó háyà yàrá lọ́dọ̀ wa, dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń pariwo: "Maman Anago, ẹ jáde o! Tẹ́ ẹ bá kú, ta ni yóò máa bá mi jà lórí okùn tá à ń sá aṣọ sí?"

"Ìwọ ni wàá kọ́kọ́ kú!"

Ọjọ́ mìíràn, à bá rẹ́rìn-ín. Ta ló lè rẹ́rìn-ín? Omi ti ń ṣàn lára ògiri. Àjà ti yọ ikùn bí aboyún. A ń gbọ́ igi tó ń ké lókè, kín-ín-rín, kín-ín-rín. Mo fẹ́ gbé wọn, wọ́n di irin bẹ́ẹ̀dì mú. Mo bẹ̀ wọ́n títí, pàbó.

Ni Ràbíátù bá gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Ó bọ́ bàtà, ó jókòó ti ìyá rẹ̀, ó káwọ́ gbera.

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo wá jókòó ni."

"Jáde!"

"Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ní kò séwu?"

Igi tún ké. Ìyẹ̀fun dà sórí gèlè Ràbíátù. Ìgbà yẹn ni Ìyá Kúmásí tó gbójú sókè.

Wọ́n dìde fìrì! Wọ́n gbá a léjìká: "Dìde níbẹ̀, ọmọ aláìgbọràn! Ṣé o fẹ́ kú mọ́ mi lójú ni?" Wọ́n fà á lọ́wọ́, wọ́n wọ́ ọ jáde, wọn ò tú u sílẹ̀ títí wọ́n fi dé àárín àgbàlá nínú òjò.

Gbàà! Pákó, páànù, pọ́ọ́tímáńtò, omi, gbogbo rẹ̀ já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Amoin ló sáré lọ yọjú. "Bẹ́ẹ̀dì yẹn ti ṣẹ́ sí méjì bí ìrèké," ó ní. Ó wá di Ìyá mọ́ra, ó ń sọ pé, "Yako, maman, yako," bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tí ìyà jẹ níbí. Kouassi wọlé dé pẹ̀lú òpó léjìká. Kò rí ohun tó máa tì mọ́.

Nígbà tí òjò dá, a ṣí ẹrù náà. Ìpẹtà ti lu ìsàlẹ̀ pọ́ọ́tímáńtò, ikán gbabẹ̀ wọlé, ó ti sọ gbogbo aṣọ òkè di yẹ̀pẹ̀. Àwọn abọ́ kan ti kán lẹ́nu, àwọn kan là á já. Ìyá mú ọ̀kan, wọ́n ń yí i wò.

"Ẹrù tí mo dì de ìrìn àjò," wọ́n ní, "òun ló fẹ́ gbé mi lọ sọ́run."

Kouassi ti kan òrùlé tuntun báyìí. Ìyá fúnra wọn ló yan ọ̀dà, irú èyí tó wà lára ilé Ògbómọ̀ṣọ́ gan-an! Ọjọ́ tí iṣẹ́ parí, inú abọ́ tó là á já ni gbogbo wa ti jẹun, àti Amoin. Wọn ò wé abọ́ kankan mọ́.

Ẹ̀yin ará, ilé tó ń gba òjò fún yín lónìí, ilé yín ni, ibi yòówù kó wà. Tẹ́ ẹ bá rí ìyẹ̀fun lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ má gbá a dànù kẹ́ ẹ dákẹ́. Tí àjà bá yọ ikùn, ẹ má dúró di ìgbà òjò.

Kí ló wà lórí àjà tiyín? Ẹ gbójú sókè wò ó nísinsìnyí, kẹ́ ẹ wá sọ ohun tẹ́ ẹ rí fún wa. Mò ń retí yín.