Olóòtú Tí Wọn Ò Dá Ara Wọn Mọ̀ Nínú Àwòrán

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ Olóòtú fún yín, ọ̀gá ọkọ mi níléeṣẹ́ ìwé ìròyìn. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, ẹ má wo ariwo ẹnu wọn. Wọ́n á ti awò ojú wọn sí iwájú orí, wọ́n á wá máa yẹ abẹ́ tábìlì wò: "Ta ló gbé awò mi?" Gbogbo ọ́fíìsì á ṣe bí ẹni tí ò rí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bímọ, àwọn náà ni wọ́n lé ọkọ mi wálé: "Kí lò ń wá níbí? Lọ gbé ọmọ ẹ."

Ọkọ mi ló ń ya ìtàn aláwòrán tó wà lẹ́yìn ìwé ìròyìn wọn. Akọni kan wà níbẹ̀ tó máa ń fò. Ọ̀gá Akọni ni olóòtú kan tó ń pariwo, tó ń ti awò síwájú orí. Ẹ ti mọ ẹni tí ọkọ mi wò yà á. Gbogbo ọ́fíìsì mọ̀. Olóòtú nìkan ni ò mọ̀.

Ó di ọjọ́ kan, wọ́n ní, "Yọ bàbá aláriwo yìí kúrò. Kò sí olóòtú tó ń ṣe báyìí."

Ọkọ mi délé, kò lè jẹun. "Ìyá ọmọ, tí bàbá yẹn bá lọ, ta ló fẹ́ máa rán Akọni níṣẹ́? Ìtàn mi parí nìyẹn. Tí mo bá sì ní àwọn ni mo yà, wọ́n lè lé mi."

Mo ní, "Fi wọ́n sílẹ̀ fún mi. Màá gbé ọmọ lọ bẹ̀ wọ́n."

Ẹ ṣáà mọ̀ pé ìtàn yẹn ni mo fi ń tan ọmọ mi jẹun láràárọ̀. Tó bá ti rí awò lórí bàbá inú àwòrán, á fọwọ́ gbá iwájú orí tiẹ̀, á rẹ́rìn-ín, èmi náà á yára ti ṣíbí sí i lẹ́nu.

Bá a ṣe wọ ọ́fíìsì, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, sà." Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀ tí ọmọ fi rí Olóòtú. Ó gbá iwájú orí, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ sí àwòrán tó wà lórí tábìlì, ó tún nà án sí Olóòtú. Olóòtú tẹ̀ síwájú kí wọ́n lè wo àwòrán náà dáadáa, ni wọ́n bá ń wá awò wọn kiri. Àfi bí ọmọ mi ṣe nawọ́, tó fa awò náà láti iwájú orí wọn wá sójú.

Olóòtú tún wo àwòrán náà.

"Èmi rèé?"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni ọkọ mi ń wí.

"Ṣé bí mo ṣe ń pariwo nìyí?"

Ìyá tó ń tẹ̀wé fún wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Ó ti bá yín dín in kù, ọ̀gá."

Olóòtú rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n wá fa bírò pupa yọ. "Fi mí síbẹ̀. Àmọ́ ọmọkùnrin tó ń fò yìí ń gba ojú fèrèsé wọlé tọ̀ mí wá, kì í kí mi. Ta ló tọ́ ọ? Kó gba ẹnu ọ̀nà, kó nu ẹsẹ̀ ẹ̀, kó kí mi."

Látìgbà yẹn, bí ìlú bá tiẹ̀ ń jóná, Akọni á kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn. Aṣọ gígùn tó so mọ́ ẹ̀yìn tó fi ń fò á há sẹ́nu ilẹ̀kùn. Á nu ẹsẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà."

Bàbá inú àwòrán á ní, "Ta ló gbé awò mi?"

Ọmọ mi á gbá iwájú orí, ṣíbí á wọlé.