Aṣọ tí mo tẹ́ fún kọ̀ǹpútà

Wọ́n ní èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ògbólógbòó kọ̀ǹpútà àgbélétan Sìkírá, ọmọ ọmọ mi.

Ó ti ń wọ́ bí ìgbín, bẹ́ẹ̀ Sìkírá gbọ́dọ̀ kó ìwé àṣekágbá rẹ̀ lọ sí fásitì ní Cocody, ní Abidjan níbí, lọ́jọ́ Ẹtì.

Alátùn-únṣe kọ̀ǹpútà dé láàárọ̀ yìí. Ó gbé e, ó jó o lọ́wọ́.

"Pádọ̀n, Màmá, ta ló tẹ́ aṣọ òwú sábẹ́ rẹ̀? Abẹ́ ló fi ń mí!"

"Èmi ni. Tẹlifíṣọ̀n mi ní aṣọ, rédíò mi ní aṣọ. Ẹ̀dá wo ló ń fi ìdí mí?"

Ó ká aṣọ mi kúrò, ó gbọn eruku inú ẹ̀rọ náà. Kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Sìkírá ń fi tẹ ọ̀rọ̀ mi yìí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ dá ẹjọ́ yìí fún wa: ṣé èmi ni mo jẹ̀bi, àbí ẹ̀rọ tó ń fi ìdí mí?