Bí Mo Ṣe Gbé Kẹ̀kẹ́ Gbénga Wọ Bàálù

Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni mo ti kúrò ní Ẹdẹ. Ọyẹ́ bo ojú títì débi pé n kò rí ṣọ́ọ̀ṣì wa tó wà ní òdìkejì ọ̀nà. Ẹrù tí mo ń kó lọ ni páálí gbọọrọ kan tí ẹni méjì kò lè gbé kí ẹnì kẹta má dì í mú láàárín. Kẹ̀kẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe irú èyí tí àwọn bàbá wa fi ń lọ sóko o. Èyí tí táyà rẹ̀ nípọn, tí ara táyà náà rí gbágungbàgun, tí àwọn òyìnbó ṣe láti máa fi gun òkè ni.

Gbénga, àbíkẹ́yìn Màmá wa, ló ni ín. Òṣìṣẹ́ ìlera ni Gbénga ní abúlé kan lẹ́bàá Jọ́ọ̀sì, òun ló ń fún àwọn ọmọdé orí òkè ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ní àkókò náà epo bẹntiróòlù ti di ọ̀wọ́n, alùpùpù tí ìjọba fún wọn sì ti fara ti ògiri láti ìgbà òjò. Àwọn ológun tó ń ṣèjọba ń ṣa àwọn òṣìṣẹ́ kúrò bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Ọ̀gá Gbénga ti sọ fún un pé bí kò bá dé àwọn abúlé orí òkè kí oṣù tó parí, kó máa palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Ni Dìran, àbúrò tí wọ́n bí tẹ̀lé mi, bá fi kẹ̀kẹ́ yìí ránṣẹ́ láti ìlú òyìnbó, ó sì san owó bàálù mi ní àlọ àti àbọ̀. Ó mọ àwọn ọkọ̀ wa. Ó ní bí kẹ̀kẹ́ náà bá gba orí ilẹ̀ lọ, ewúrẹ́ ni wọn yóò so mọ́ ọn lórí. Àwa olùkọ́ wà lórí ìyanṣẹ́lódì nígbà náà, kò sì sí ohun tí mo lè fi ṣe àwáwí.

Dìran ti ṣàlàyé fún mi lórí fóònù bí wọ́n ṣe ń di irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ fún bàálù: kí a yọ ẹsẹ̀ iwájú, kí a yọ pẹ́dà méjèèjì, kí a yí ọwọ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí a fi igi há àárín fọ́ọ̀kì, irin méjì tó ń di ẹsẹ̀ iwájú mú, kí nǹkan má baà tẹ̀ ẹ́ pọ̀, kí a sì dín afẹ́fẹ́ táyà kù. Bàbá Múfú tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ládùúgbò wa ṣe gbogbo rẹ̀, àfi ti afẹ́fẹ́. Ìyẹn kò yé e rárá.

"Tíṣà, ẹ jẹ́ kí táyà kún," ó wí fún mi. "Ta ni í rán ọmọ lọ sírìn àjò tí kì í bọ́ ọ yó?"

Fóòmù funfun ni wọ́n fi há àwọn àyè tó ṣófo nínú páálí láti ọ̀hún wá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò, mo jáde lọ pọn omi. Kí n tó padà dé, Màmá ti yọ fóòmù náà tán. Ó ti to gàrí, ẹ̀wà, ilá gbígbẹ àti irú yí kẹ̀kẹ́ ká, ó wá ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó lè gba sí i. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ní ilé wa a kì í rán ẹrù tó ní àyè lófo. Bí àpò arìnrìn-àjò kò bá kún, àwọn ará ilé ni yóò bá a kún un.

"Màmá, fóòmù yẹn ni wọ́n fi dáàbò bo kẹ̀kẹ́," ni mo wí.

"Fóòmù ni kí wọ́n fi ránṣẹ́ sọ́mọ mi? Ṣé yóò jẹ ẹ́ ni?" Màmá kò tilẹ̀ wojú mi. "Gàrí náà yóò dáàbò bò ó. Òun náà rọ̀."

Kò pẹ́ tí Màmá fi rán fóòmù yẹn sínú aṣọ, ó fi ṣe irọ̀rí.

Ọgọ́ta náírà ni owó ọkọ̀ ẹnì kan láti Ẹdẹ dé Èkó lọ́jọ́ náà, ìlọ́po méjì ohun tí a ń san kí epo tó wọ́n, awakọ̀ sì ní páálí mi gba ìjókòó èèyàn méjì. Ní Sẹ̀kọ̀nà, a dúró níwájú ilé epo tí wọ́n fi okùn dí ẹnu rẹ̀, pé kò sí epo. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn yẹn gan-an ni àwọn kan ti ń ta epo nínú kẹ́ẹ̀gì. Mo bi awakọ̀ wa pé níbo ni wọ́n ti rí i.

"Nínú ilé epo ni, Màdáàmù," ó dáhùn.

Mo ní ṣebí wọ́n ní kò sí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, kò sí. Mo rí i pé ìṣirò tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé kò ní ràn mí lọ́wọ́ níbí. Láti Gbọ̀ngán dé Ìbàdàn, kòtò pọ̀ ju títì lọ. Ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá ti já sí kòtò, èmi a di páálí mú, bí ẹni pé ọwọ́ mi ló so kẹ̀kẹ́ ró.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì wọ bàálù rí, ẹ má ṣe rò pé ó dà bí ibùdókọ̀ wa tí àwọn agbèrò yóò máa pariwo orúkọ ìlú títí etí yóò fi kún. Ní pápákọ̀ òfuurufú ti Èkó, obìnrin kan ló ń sọ̀rọ̀ látinú ògiri, ó ń sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, n kò sì gbọ́ ju "Jọ́ọ̀sì" lọ. Mo to sẹ́yìn ìlà kan títí mo fi dé iwájú, wọ́n ní ti Kánò ni. Mo lọ sórí òmíràn. Ọkùnrin kan tó wọ kakí fi ọwọ́ kan táyà láti ojú ihò páálí, ó ní kí n tú gbogbo afẹ́fẹ́ rẹ̀ dànù, kó má baà bẹ́ lójú sánmọ̀. Mo tú u. Bí mo ṣe tú u tán, ọkùnrin kejì tó wọ irú kakí kan náà dé, ó ní ta ló ní kí n tú u tán pátápátá, ṣé mo fẹ́ kí irin rẹ̀ tẹ̀ ni? Mo nawọ́ sí ẹnì kìíní, ẹnì kìíní ti lọ. Dìran ní kí n dín in kù, Bàbá Múfú ní kó kún, kakí kìíní ní kó ṣófo, kakí kejì ní kí ló dé tó ṣófo. Omijé fẹ́ẹ̀ lé sí mi lójú.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé páálí sórí òṣùwọ̀n. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń wọn ẹrù wo abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n náà, ó wò mí, ó tún un wò.

"Màdáàmù, ṣé kẹ̀kẹ́ lẹ pè é?"

"Kẹ̀kẹ́ ni."

"Kẹ̀kẹ́ yín ti jẹun o," ni ó wí. "Ẹ san owó àlékún, tàbí kí ẹ yọ nínú rẹ̀."

Owó tó kù lọ́wọ́ mi kò tó. Mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, mo ń kó oúnjẹ Màmá jáde lójú gbogbo ènìyàn, òórùn irú sì gba ibẹ̀ kan. Àwọn tó wọ kóòtù ń yẹra. Èyí tó dùn mí jù ni pé bí mo ṣe yọ oúnjẹ tán, kẹ̀kẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí gbirigbiri nínú páálí, irin ń lu irin. Fóòmù wà lábẹ́ orí Màmá ní Ẹdẹ. Ni mo bá tú àpò mi, mo fi ìró, bùbá, gèlè, aṣọ òtútù àti aṣọ ìsun mi há gbogbo àyè rẹ̀. Ẹ̀wù kan ṣoṣo ló kù sí mi lọ́rùn.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń kó ẹrù sínú bàálù dúró tì mí. Ó ní, "Ẹdẹ lẹ ti wá? Ará Awo tó wà nítòsí yín ni mí. Kí lẹ fẹ́ fi gàrí yìí ṣe?"

Mo ní kí wọ́n pín in láàárín ara wọn, kí wọ́n ṣáà bá mi rọra gbé páálí náà.

"Ẹ fọkàn balẹ̀," ni ó wí, "bí ẹni gbé ẹyin la ó ṣe gbé e." Mo sì rí wọn láti ojú fèrèsé bàálù: èèyàn mẹ́rin ló gbé e, wọn kò jù ú. Inú mi dùn. Mo rò pé mo ti gbọ́n.

Nínú bàálù wọ́n fún wa ní búrẹ́dì pélébé méjì tí wọ́n fi ẹran tín-ín-rín sáàárín. N kò mọ̀ bóyá a ó sanwó, mo dúró títí ẹnìkejì mi fi jẹ tirẹ̀ tán tí ẹnikẹ́ni kò bi í ní nǹkan kan.

Òtútù Jọ́ọ̀sì kì í ṣe ọyẹ́ tiwa. Eyín mi ń lu ara wọn. Sányì ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é lédè Haúsá, gbogbo ẹni tó rí mi nínú ẹ̀wù kan ṣoṣo ló ń sọ ọ́ sí mi bí ìkíni. Gbogbo ẹrù jáde, tèmi kò jáde. Mo ti ń ronú ohun tí n ó sọ fún Dìran nígbà tí Gbénga fọwọ́ kàn mí léjìká láti ẹ̀yìn. Ẹnu ọ̀nà mìíràn ni wọ́n ti gbé páálí náà fún un, ó ti pẹ́ tó ti ń wá mi. Ó ti rù. Mo ní iṣẹ́ ló fà á.

Nílé rẹ̀, a tú kẹ̀kẹ́ jáde. Kò sí ibi tó bó, kò sí ibi tó tẹ̀. Gbénga kó aṣọ mi jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tún wo ìsàlẹ̀ páálí, ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó se áchà fún mi, ìyẹn hóró wẹ́wẹ́ kan bí iyanrìn tí wọ́n ń sè bí ìrẹsì. Mo béèrè tirẹ̀.

"Ẹ jẹun, Àǹtí mi. Mo ti jẹun."

Àlejò ni mí. Mo jẹ ẹ́ tán.

Ní òwúrọ̀, a to kẹ̀kẹ́ pọ̀. Pẹ́dà apá òsì kò wọlé, àfi ìgbà tí a rí i pé òdìkejì ni wọ́n ń yí i sí. A fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú táyà, Gbénga sì gùn ún lọ sórí òkè. Kò tíì dé ìdajì tó fi sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Mo sáré lọ bá a. Mo gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sókè, mo yí i, ó ń yí. Mo wo ṣéènì, mo tẹ bíréèkì, mo fọwọ́ tẹ táyà. N kò rí àléébù kankan.

"Kí ló ṣe kẹ̀kẹ́ náà, Gbénga?"

"Kò sóhun tó ṣe kẹ̀kẹ́, Àǹtí mi," ni ó wí. "Mi ò tíì jẹun láti àárọ̀ àná ni. Wọn ò tíì san owó oṣù wa. Nígbà tí mo gbóòórùn irú nínú páálí, mo rò pé Màmá fi nǹkan ránṣẹ́."

Ojú tì mí débi pé n kò lè wò ó. A padà sílé. Mo gbọn ìró mi, mo gbọn gèlè mi, mo tẹ páálí náà nídìí: gàrí tó ti dà sílẹ̀ látinú àpò Màmá wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. A kó o jọ, kò kún ife. Gbénga fi omi tútù àti iyọ̀ mu ún, ó ń fi ìka nu ìdí ife. Lẹ́yìn náà ó gun kẹ̀kẹ́ dé orí òkè, mo sì ń wò ó títí n kò fi rí i mọ́. Mo yọ owó ọkọ̀ tí n ó fi padà sí Ẹdẹ, mo fi ìwọ̀nba tó kù ra ànàmọ́ sílẹ̀ fún un. Kí n tó kúrò, ó ti dé abúlé méjì, ọ̀gá rẹ̀ sì ti ní kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo dé Ẹdẹ, Màmá wà lórí ẹní, ó fi orí lé irọ̀rí rẹ̀.

"Ṣé kẹ̀kẹ́ dé láìfọ́?"

"Ó dé láìfọ́, mà."

"Oúnjẹ ńkọ́?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò bínú. Ó ní, "O ṣeun tó o gbé kẹ̀kẹ́ dé. Agbára wo lo fẹ́ kó fi gùn ún?"

Ohun tí ìrìn àjò náà kọ́ mi nìyẹn, ẹni tí kò dé ìdí bàálù rí ló sì sọ ọ́. Lọ́jọ́ kejì Màmá tú irọ̀rí rẹ̀, ó fi fóòmù náà wé ìgò epo pupa kan, ó tì í sáàárín àpò gàrí. Mo gbé àpò náà lọ sí Sẹ̀kọ̀nà, níbi tí àwọn ọkọ̀ tó bá já àlùbọ́sà tán ti ń dúró kí wọ́n tó padà sí Òkè Ọya. Awakọ̀ kan ní Jọ́ọ̀sì ni òun ń lọ. Ó bi mí pé kí ló wà nínú àpò náà.

"Oúnjẹ àbúrò mi ni," ni mo wí.

Ó gbé e sẹ́yìn ìjókòó ara rẹ̀. Kò wọ̀n ọ́n.