Ẹṣin Bàbá Mi Tí Kò Wọ Bàtà Irin

Bí mo bá gbọ́ ìró pátákò ẹṣin lórí títì, ọ̀sán ìdíje kan ní Ìkẹ́rẹ́ ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn. Gbogbo ẹṣin yòókù ló wọ bàtà irin. Bàbá mi ní pátákò tiwa le tó. Ẹṣin wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iwájú kó tó yọ̀ lórí àpáta tí òjò rin, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká mú un relé."

"Ọmọ mi, kò lè dé ulé mọ́."

Àwọn ọkùnrin kan mú okùn dé. Mo pè wọ́n ní dókítà ẹran. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo mọ̀ pé alápatà ni wọ́n. Bàbá yọ ìjánu lẹ́nu ẹṣin náà, ó fọwọ́ bò mí lójú.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó wí fún wọn, "ẹ rọra."