Ọjọ́ Tí Kọ̀ǹpútà Ṣì Kà

Tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ wá láti ìhà ilé ìpa-ẹran Oko Ọba lówùúrọ̀, òórùn awọ màlúù tí wọ́n ń sun máa ń wọlé wá bá òórùn ṣúgà àti bọ́tà inú ilé-iṣẹ́ bísíkíìtì wa, méjèèjì á wá dàpọ̀ di nǹkan kan tí mi ò rí orúkọ fún títí dòní. Àlejò á yára bo imú. Àwa tí à ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kì í tilẹ̀ gbọ́ ọ mọ́. Ọ́fíìsì ìṣirò owó, níbi tí mo ti jẹ́ akáńtáǹtì, wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, fèrèsé rẹ̀ sì kọjú sí ẹnu ọ̀nà sítọ́ọ̀ nísàlẹ̀. Bí mo bá gbójú kúrò lórí iṣẹ́, ẹni tí mo máa ń kọ́kọ́ rí ni bàbá tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀, tí wọ́n dúró ti ọkọ̀ akẹ́rù, tí wọ́n na ìka kan síwájú, tí wọ́n ń ka páálí.

Bàbá Sítọ́ọ̀ ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ọmọ Èkìtì ni wọ́n, alàgbà ni wọ́n nínú ìjọ wọn, ó sì ti kù díẹ̀ kí wọ́n fẹ̀yìntì nígbà náà. Ẹrù kankan kò gbọdọ̀ jáde lọ́wọ́ wọn àfi tí ọ́fíìsì wa bá ti fọwọ́ sí i. Èmi ni mo máa ń tẹ ọjọ́ tí a fọwọ́ sí ẹrù sínú kọ̀ǹpútà tiwa, màá sì fi fóònù sọ fún bàbá nísàlẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kó máa lọ. Bí ẹrù bá ti jáde, àwọn náà á tẹ ọjọ́ rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà tó wà ní sítọ́ọ̀. Sọ́fítíwià ìṣirò tí a ń lò á wá kó ọjọ́ méjèèjì pọ̀, á ka iye ọjọ́ tó wà láàrin wọn.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wa ti di ògbólógbòó, ni wọ́n bá ra òmíràn fún wa ní Computer Village nígbà tí ọdún ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Inú mi dùn sí i. Ó yára, ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Kò sẹ́ni tó rí àléébù kankan sí i títí ọdún fi ń parí lọ, tí ọ́dítọ̀ wá yẹ iṣẹ́ wa wò. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan ni, ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Allen, kì í pariwo. Ó tẹ àbájáde rẹ̀ jáde, ó gbé e síwájú ọ̀gá wa. Bí sọ́fítíwià ṣe ṣírò ọ́n, ọ̀pọ̀ ẹrù ló ti jáde ní sítọ́ọ̀ ní oṣù mélòó kan ṣáájú kí a tó fọwọ́ sí wọn: èyí tó jáde lóṣù kẹta, oṣù kẹsàn-án ló ní a fọwọ́ sí i.

Obìnrin Ìjẹ̀bú ni ọ̀gá wa, àwọn àti olóògbé ọkọ wọn ni wọ́n jọ dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, wọn kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ẹrù ṣeré. Wọ́n ránṣẹ́ pe bàbá. Mo wà níbẹ̀.

"Bàbá, ta lẹ̀ ń kó ẹrù fún láìgbàṣẹ?"

"Màdáámù, mi ò jẹ́ kí ẹrù jáde láìgbọ́ ohùn ọ́fíìsì rí."

"Ṣé kọ̀ǹpútà ló wá ń parọ́ ni?"

Bàbá bọ́ awò ojú wọn, wọ́n fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nù ún. Mo mọ̀ pé mo máa ń pè wọ́n lóòótọ́, àmọ́ ta ló lè rántí ipè oṣù kẹta nígbà tí ọdún ti ń parí? Màdáámù kọjú sí mi, wọ́n ní kí n kọ ìwé kúẹ́rì fún bàbá, kí n to gbogbo ẹrù náà sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sì dé ọwọ́ wọn kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Wọ́n ní lẹ́yìn ìyẹn, àwọn á mọ̀ bóyá ọlọ́pàá ló máa gbọ́ ìyókù.

Bàbá ń dúró dè mí lórí àtẹ̀gùn. "Ọmọ mi," wọ́n ní, "bí wọ́n bá ní kí o kọ ọ́, kọ ọ́. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má kọ olè síbẹ̀. Àwọn ọmọ mi mọ̀wé."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń dún létí mi nígbà tí mo jókòó ti kọ̀ǹpútà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí àwọn ẹrù náà lọ́kọ̀ọ̀kan kí n lè tò wọ́n sínú ìwé, ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tó yà mí lẹ́nu. Mo rí ẹrù kan tí oníbàárà kọ̀wé béèrè lóṣù kẹfà, tí kọ̀ǹpútà sì ní èmi ti fọwọ́ sí i láti oṣù kẹrin. Mo tún rí òmíràn bẹ́ẹ̀. Ta ló máa ń fọwọ́ sí ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì béèrè? Mo pe ọ́dítọ̀. Ó ní òun náà rí i, pé àṣìṣe ọwọ́ lásán ni, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Lójú tèmi, ẹni tó bá lè ṣi oṣù kẹrin pè lè ṣi oṣù kẹsàn-án pè náà.

Mo pe àwọn tó ta sọ́fítíwià fún wa. Wọ́n ní kí n pa kọ̀ǹpútà, kí n tún un tàn. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, kò yí padà. Wọ́n ní ó ní láti jẹ́ pé sọ́fítíwià tiwa ti pẹ́, kí n fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Odidi ọjọ́ kan ni mo fi ṣe ìyẹn, wàhálà náà ṣì wà bó ṣe wà. Ọ̀sẹ̀ ti ń parí lọ, ìwé kúẹ́rì náà sì wà níwájú mi, orúkọ bàbá nìkan ló wà lórí rẹ̀.

Ìgbà tó di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni mo ṣàkíyèsí pé gbogbo ẹrù tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ fẹ̀sùn kan bàbá, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù la fọwọ́ sí wọn. Èyí tí a fọwọ́ sí ní ọjọ́ kẹtàlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sí ẹyọ kan tó ní wàhálà. Mo wá tẹ 7/2, ọjọ́ keje oṣù kejì, bí mo ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́, mo sì ní kí kọ̀ǹpútà fi ọ̀rọ̀ kọ ọ́ fún mi. Ọjọ́ kejì oṣù keje ló kọ.

Mo pariwo. Kọ̀ǹpútà tuntun yẹn ń ka ọjọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní Amẹ́ríkà, tí oṣù máa ń ṣáájú, èyí tó wà ní sítọ́ọ̀ sì ń kà á bíi tiwa. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta tí mo tẹ̀ ti di ọjọ́ kẹta oṣù kẹsàn-án. Nígbà tí kò sì sí oṣù kẹtàlá láyé, bí ọjọ́ bá ti kọjá méjìlá, ó di dandan fún un kó kà á bó ṣe yẹ.

Mi ò rántí bí mo ṣe dé yàrá Màdáámù. Mo fà wọ́n wá sídìí kọ̀ǹpútà, ọ́dítọ̀ tó wà lọ́dọ̀ wọn tẹ̀ lé wa, mo ní kí wọ́n fúnra wọn tẹ ọjọ́ ìbí wọn. Màdáámù tẹ̀ ẹ́. Wọ́n wo ohun tí kọ̀ǹpútà kọ, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Àbí mo ti yí ọjọ́ ìbí padà ni?" Ọ́dítọ̀ ni ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mo pe ẹni tó ta kọ̀ǹpútà náà fún wa, ó ní, "Áńtí, bó ṣe dé látòkè òkun náà nìyẹn o. Ẹni tó bá rà á ló máa ń yí i."

A yí i. Ọ́dítọ̀ jókòó tì mí, a jọ tún àwọn ọjọ́ náà tẹ̀, bí a sì ṣe ń tẹ̀ wọ́n ni ẹ̀sùn ń kúrò lọ́rùn bàbá. Ẹyọ kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù, ẹrù kan tó jáde lóòótọ́ ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú àṣẹ. Màdáámù yẹ̀ ẹ́ wò títí, wọ́n wá ṣẹ́jú. "Èmi ni. Ilé ìgbéyàwó ni mò ń lọ lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo pe bàbá pé kí wọ́n kó o fún mi."

Àwọn fúnra wọn ló sọ̀ kalẹ̀ lọ sí sítọ́ọ̀. Mo tẹ̀ lé wọn. Wọ́n kúnlẹ̀ díẹ̀ bí ọmọ tó fẹ́ kí bàbá rẹ̀, wọ́n ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Kọ̀ǹpútà ló ń parọ́ lóòótọ́." Bàbá jókòó sórí páálí bísíkíìtì, ohun tí wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe rí. Wọ́n wò mí.

"Ṣé ó ti tán?"

"Ó ti tán, sà."

Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó wọn pè mí. Mi ò mọ̀ wọ́n rí. Wọ́n gbàdúrà fún mi títí, wọ́n wá sọ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀, bàbá kàn ń jókòó sétí ibùsùn ni. "Ṣùgbọ́n wọ́n sùn lánàá o. Wọ́n tún han-an-run."

Bàbá fẹ̀yìntì nírọ̀rùn lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Láti ìgbà náà, orúkọ oṣù ni mò ń kọ, mi ò fi nọ́ńbà dúró fún un mọ́. Ohun tí mo sì máa ń rò jù lọ ni àwọn àṣìṣe yòókù yẹn, èyí tó ní a fọwọ́ sí ẹrù kí wọ́n tó béèrè rẹ̀. Iwájú gbogbo wa ni wọ́n wà, a sì kọjá lára wọn torí pé wọn ò rí ẹnikẹ́ni dá lẹ́bi. Bí mo bá ti rí àbájáde kan báyìí tó ń tọ́ka sí ènìyàn, mo máa ń wá èyí tí kò tọ́ka sí ẹnikẹ́ni lákọ̀ọ́kọ́. Ibẹ̀ ni òótọ́ jókòó sí lọ́dún yẹn, tó ń dúró dè wá.